Nínara: Ohun Tó Ń Ṣe fún Iṣan àti Oríkèé

Nínara ni kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ fa iṣan ara rẹ̀ gùn ju bó ṣe máa ń wà nígbà ìsinmi lọ, kí oríkèé lè ráyè yí, kí ara sì rọ̀. Eléré ìdárayá, oníjó, àgbàlagbà àti ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ló ń lò ó. Ó ń mú kí ara rọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀nà tó ń gbà ṣe é kì í ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò, agbára rẹ̀ kò sì ká àwọn iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀, bíi dídènà ìfarapa àti ara ríro.

Bí iṣan ṣe rí

Àkójọpọ̀ fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ ni iṣan kọ̀ọ̀kan. Inú fọ́nrán wọ̀nyí ni sarcomere tò sí, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Nǹkan bíi 400 ló gbọ́dọ̀ tò jọ kí gígùn wọn tó pé mìlímítà kan. Nínú sarcomere, pùròtéènì méjì, actin àti myosin, ń yọ̀ kọjá lára ara wọn. Bí wọ́n bá wọnú ara wọn, iṣan á súnkì. Bí wọ́n bá yọ̀ kúrò, á gùn. Ọdún 1954 ni ikọ̀ méjì ṣàlàyé èyí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature: Andrew Huxley àti Rolf Niedergerke nínú ikọ̀ kan, Hugh Huxley àti Jean Hanson nínú èkejì. Pùròtéènì kẹta, titin, ló ń fa sarcomere padà bíi rọ́bà nígbà tí a bá nà án. Òun àti awọ fẹ́lẹ́ tó yí fọ́nrán ká ló fà á tí iṣan fi ń le sí i bí a ṣe ń nà án sí i, kódà bí ẹni náà bá dẹ ara sílẹ̀ pátápátá.

Ipa iṣan ìmọ̀lára

Ẹ̀yà kékeré kan wà nínú iṣan tó ń ṣọ́ bó ṣe ń gùn tó àti bó ṣe ń yára gùn sí. Bí a bá fa iṣan lójijì, ẹ̀yà yìí á ránṣẹ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, àṣẹ á sì padà wá pé kí iṣan náà súnkì. Òun ló ń mú kí ẹsẹ̀ ta nígbà tí dókítà bá fi òòlù kékeré lu abẹ́ orúnkún. E. G. T. Liddell àti Charles Sherrington ló ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1924. Nítorí rẹ̀ ni nínara díẹ̀díẹ̀ fi dára ju kí a máa já ara gbà lọ.

Ohun tó ń yí padà

Bí ènìyàn bá nara fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, iṣan á dẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń padà sí bó ṣe wà. Rírọ̀ tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ní 1996, Peter Magnusson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denmark tẹ ìwádìí kan jáde lórí iṣan ẹ̀yìn itan àwọn tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nara. Ẹsẹ̀ wọn nà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ bí iṣan náà ṣe ń le ní ipò kan náà kò yí padà. Ìfaradà wọn ló pọ̀ sí i: ọpọlọ ti gbà kí iṣan nà jìnnà kó tó ké ìrora.

Èyí kò sọ pé iṣan kò lè gùn rárá. Ní 1972, àwọn onímọ̀ kan fi P.O.P. de ẹsẹ̀ ológbò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Iṣan tí wọ́n dè ní nínà fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sarcomere kún tirẹ̀. Èyí tí wọ́n dè ní sísúnkì pàdánù nǹkan bí ìdá 40. Àmọ́ dídè tọ̀sán-tòru nìyẹn. Fún àwọn aláìsàn tí oríkèé wọn ti gan, àyẹ̀wò tí àjọ Cochrane, tó ń ṣàkójọ ìwádìí ìlera, ṣe ní 2017 rí i pé nínara nìkan kò mú ìyàtọ̀ tó ṣe gbòógì wá.

Oríṣi rẹ̀

Nínara adúrójẹ́ẹ́ ni kí a nà dé ibì kan, kí a sì dúró síbẹ̀. Nínara alárìnká ni kí a máa ju ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ bí ẹni ń ṣeré, láìdúró. Ìkẹta ni kí a kọ́kọ́ mú iṣan náà le, kí a tó nà án. Inú ìtọ́jú tí Herman Kabat àti Margaret Knott gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1940 sí 1950 ló ti wá.

Nínara àti eré ìdárayá

Bí eléré bá fi nínara adúrójẹ́ẹ́ na iṣan kan ju 60 ìṣẹ́jú àáyá lọ kó tó sáré tàbí fò, agbára iṣan náà á dín kù fúngbà díẹ̀. Nínara alárìnká ló yẹ irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ní Ọsirélíà, wọ́n pín ọmọ ogun tuntun 1,538 sí ọ̀nà méjì. Ìwádìí náà, tó jáde ní 2000, fi hàn pé àwọn tó nara ṣáájú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ farapa bí àwọn tí kò ṣe é. Ní ti ara ríro lẹ́yìn eré, àyẹ̀wò Cochrane ti 2011 kó ìwádìí 12 jọ: ìyàtọ̀ tí nínara mú wá kò tó máàkì 5 lórí òṣùwọ̀n 100.

Ohun tó ń dènà ìfarapa ni ìmúragbóná tó ní eré sísá, fífún iṣan lágbára, fífò àti dídúró lẹ́sẹ̀ kan nínú. Èkó jẹ́rìí sí i. Oluwatoyosi Owoeye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán irú rẹ̀ kan, FIFA 11+, wò lára ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù 416 nínú Lagos Junior League. Ní 2014 wọ́n ròyìn pé ìfarapa fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ó yẹ kí gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọdé nílẹ̀ wa mọ èyí, nítorí kò gba ohun èlò olówó ńlá.

Bí a ṣe lè ṣe é

Ìwádìí William Bandy àti Jean Irion ní 1994 fi hàn pé 30 ìṣẹ́jú àáyá fún iṣan ẹ̀yìn itan ṣiṣẹ́ ju 15 lọ, ó sì ṣiṣẹ́ bí 60. Kí ara kọ́kọ́ gbóná. Kí a nà dé ibi tó ń fa ni, kì í ṣe ibi tó ń dunni. Kí a sì tún un ṣe ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ẹni tí eegun rẹ̀ kán tàbí tí iṣan rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ya gbọ́dọ̀ rí dókítà ná. Gbígbé ẹrù wíwúwo pẹ̀lú kí oríkèé yí dé òpin náà ń mú ara rọ̀, ó sì ń fi agbára kún un, nítorí náà ẹni tí àyè rẹ̀ kò gbà ju ọ̀kan lọ lè yan ìyẹn.