Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ọkàn láàárín Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ní Tibhirine

Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ọkàn kì í ṣe iyàn jíjà lórí ẹ̀sìn, nítorí pé oníyàn ń wá bí yóò ti borí, ṣùgbọ́n olùfọkànsìn tó jókòó ti olùfọkànsìn, ojú Ọba Arínúróde nìkan ni wọ́n jọ ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn rí ní Tibhirine, abúlé orí òkè kan nítòsí ìlú Médéa ní Àlùjéríà, níbi tí àwọn mọ́ńkì Ìjọ Àgùdà tẹ̀dó sí ní 1938.

Fádà Christian de Chergé ni òpómúléró ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà. Nígbà tó jẹ́ ọ̀dọ́ ológun Faransé nínú ogun Àlùjéríà, ó bá Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Mohamed dọ́rẹ̀ẹ́, bàbá ọlọ́mọ mẹ́wàá tí kì í fi ìrun ṣeré, ẹni tó gbà á lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe é léṣe, tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ pa ọkùnrin náà. Gbèsè ẹ̀jẹ̀ yìí ló fà á padà wá sí Àlùjéríà, sí Tibhirine, ní 1971, tó fi lọ kọ́ èdè Lárúbáwá àti ìmọ̀ Ìsìláàmù ní Róòmù, kó tó wá di olórí ilé àwọn mọ́ńkì náà ní 1984.

Ní 1979, òun àti Fádà Claude Rault dá ẹgbẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan tó ń jẹ́ Ribat es-Salam sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí àwọn Mùsùlùmí Súfí ọmọ ìlà Alawiyya ní Médéa fi wá bá wọn. Àwọn àlejò wọ̀nyí ló ní àwọn kò fẹ́ àríyànjiyàn, pé odi tí àwọn èèyàn ti mọ sídìí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ti ga jù, àdúrà ni kí àwọn jọ máa gbà. Ọgbọ́n àgbà nìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Wọn a yan kókó kan tí oníkálukú yóò máa rò, tí yóò sì máa fi hùwà títí di ìpàdé mìíràn. Wọn a sì dákẹ́ títí níwájú Ọba adákẹ́dájọ́, Súfí pẹ̀lú síkírì rẹ̀, mọ́ńkì pẹ̀lú Sáàmù rẹ̀.

Àwọn mọ́ńkì yọ̀ǹda yàrá kan fún àwọn ará abúlé láti fi ṣe mọ́sálásí. Luc, dókítà inú wọn, kò sì béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ aláìsàn. Mùsùlùmí kan wà tó máa ń wá bá Christian sọ̀rọ̀ nípa ohun ẹ̀mí, èyí tí wọ́n ń pè ní gbígbẹ́ kànga. Christian fi ẹ̀rín bi í bóyá omi Mùsùlùmí ni àwọn yóò bá nísàlẹ̀ kànga, tàbí omi Kìrìsìtẹ́nì. Èsì rẹ̀ ni pé omi Ọlọ́run ni.

Ní oṣù kẹta 1996, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní Àlùjéríà, àwọn agbébọn jí méje nínú àwọn mọ́ńkì gbé lóru. Ní oṣù karùn-ún ni ìròyìn ikú wọn dé. Christian ti kọ ìwé sílẹ̀ ṣáájú, nínú èyí tó ti dárí ji ẹni tí yóò pa á, tó sì kọ̀ kí a ka ikú òun sí Ìsìláàmù tàbí àwọn ará Àlùjéríà lọ́rùn. Ní 8 oṣù kejìlá 2018, Ìjọ Àgùdà kà wọ́n mọ́ àwọn ẹni ìbùkún ní Oran, pẹ̀lú Pierre Claverie, bísọ́ọ̀bù ìlú náà, tí bọ́ǹbù pa ní oṣù kẹjọ 1996 pẹ̀lú Mohamed Bouchikhi, ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀.