Ẹ̀rí Ìpadàbọ̀: Ìtàn Físà Àbẹ̀wò láti Ojú Ọ̀nà Ilo-Awela

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Nínú òwe yìí, kò sí ẹni tí ó ń bi arìnrìn-àjò ní ẹ̀rí pé yóò padà. Òfin físà kò gbà bẹ́ẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣàlàyé bí ẹ̀rí ìpadàbọ̀ ṣe di ẹrù ọmọ Nàìjíríà tí ó fẹ́ lọ kí ẹbí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí a dúró sí Ilo-Awela, ní agbègbè Ọ̀tà, kí a wo ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ti Ìdìrókò, tí ó lọ sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní ọdún 1889 ni ó fi ààlà la àárín àwọn Yorùbá ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ní 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ìwé ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè lo 90 ọjọ́ ní òmíràn láìgba físà, bí ìwé ìrìnnà àti ìwé ìlera rẹ̀ bá pé.

Ọ̀nà kejì ni ti Lọ́ńdọ̀nù. Òfin ọdún 1962 dín wíwọlé àwọn tí ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ tàbí tẹ̀dó kù, ṣùgbọ́n kò sọ físà di dandan fún àlejò. Òṣìṣẹ́ ibodè ni ó ń bi í léèrè nígbà tí ó bá gúnlẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1986, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde físà fún àwọn ọmọ Íńdíà, Pakistan, Bangladesh, Gánà àti Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti ṣáájú ìrìn-àjò. Ẹni tí kò bá yege kò ní kúrò nílé rárá.

Lẹ́yìn èyí, òfin ọdún 1993 gba ẹ̀tọ́ ìpẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ́wọ́ àlejò. Wọ́n dá a padà fún àwọn tí ó ń lọ kí ẹbí ní ọdún 2000; ní ọdún 2013, wọ́n tún gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọdún 2013 yìí kan náà ni wọ́n dábàá pé kí àwọn àlejò kan láti Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè márùn-ún mìíràn fi 3,000 pọ́n-ùn dógò. Nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá, wọ́n pa àbá náà tì.

Ta ni ẹrù yìí wọ̀ lọ́rùn jù? Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ní Ọ̀tà lè mú ìwé owó oṣù àti lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀ wá. Ìyá ọlọ́jà tí owó rẹ̀ wà nínú ọjà àti èésú ní ìdí púpọ̀ láti padà sílé, ṣùgbọ́n ìdí náà kò sí nínú ìwé.

Ní ìgúnlẹ̀, ó yẹ kí olùkọ́ fi yé akẹ́kọ̀ọ́ pé físà kì í ṣe àyànmọ́. Òfin ènìyàn ni. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e kalẹ̀, ó sì ṣeé yí padà. Ẹni tí wọ́n kọ̀ fún kì í ṣe arúfin. Ìwé ni kò lè sọ gbogbo ohun tí ilé jẹ́ sí i.