Ta Ló Ti Ilẹ̀kùn Ilé Iná?

Ẹni tó bá ti ka orí kejì Ìhìnrere Mátíù ti pàdé wọn láìmọ̀: ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n túmọ̀ sí amòye níbẹ̀, orúkọ àwọn àlùfáà ilẹ̀ Páṣíà ni tẹ́lẹ̀. Mùsùlùmí tó bá ka Súrátù-l-Hájì náà ti pàdé wọn, torí Àlùkùránì dárúkọ Májúsì níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn Júù àti àwọn Kìrìsìtẹ́nì. Ọmọlẹ́yìn Zarathustra ni wọ́n, ẹni tí àwọn Gíríìkì ń pè ní Zoroaster, tó wàásù fún àwọn ará Iran àtijọ́ pé Ahura Mazda, Olúwa Ọlọ́gbọ́n, ló yẹ kí ènìyàn máa sìn, àti pé èrò rere, ọ̀rọ̀ rere àti ìṣe rere ni a fi ń gbè sẹ́yìn òtítọ́ nínú ìjà rẹ̀ pẹ̀lú irọ́. Láti 224 títí di 651, ẹ̀sìn yìí ni ìjọba Páṣíà ń tẹ̀ lé. Lónìí, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ayé kò tó 200,000. Bí ẹ bá béèrè ìdí tí wọn kò fi pọ̀ sí i, ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń fúnni ni pé a kì í wọ ẹ̀sìn náà, àfi kí wọ́n bí ènìyàn sínú rẹ̀. Èmi kò gbà pé bó ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣe Zarathustra ló tì í, kì í sì í ṣe àwọn tó sá kúrò ní Iran. Ìlú Bombay ni wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ sí i, kò tíì pẹ́ púpọ̀, ọ̀rọ̀ dúkìá sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iná náà fúnra rẹ̀, torí òun ló mú kí ayé máa pè wọ́n ní abọná, orúkọ tí kò tọ́ sí wọn. Bí Mùsùlùmí ṣe ń kọjú sí Káábà láìbọ òkúta rẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ń kọjú sí iná. Ní Udvada, ìlú kékeré kan létí òkun ní Gujarat, ni iná tí àwọn Parsi, ìyẹn àwọn ọmọ ẹ̀sìn yìí tó wà ní Íńdíà, bọ̀wọ̀ fún jù lọ wà. Iranshah ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni àlùfáà ń wọlé tọ̀ ọ́: yóò fi aṣọ funfun bo imú àti ẹnu kí èémí rẹ̀ má baà kan iná, yóò to igi olóòórùn dídùn lé e, yóò sì lu agogo. Ẹni tó wá gbàdúrà kò ní kọjá ẹnu yàrá. Eérú díẹ̀ ni yóò fi ìka mú, tí yóò fi kan iwájú orí. Kí wọ́n tó lè dá irú iná bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, oríṣi iná 16 ni wọ́n ń kó jọ tí wọ́n ń wẹ̀ mọ́: ti mànàmáná, ti alágbẹ̀dẹ, ti amọ̀kòkò, títí dórí èyí tí wọ́n fi sun òkú. Ó yẹ kí èyí mú wa ronú. Ẹ̀sìn tó lè wẹ iná òkú mọ́, kó sì fi kún ohun mímọ́ rẹ̀ tó ga jù, ṣé òun ni yóò ní àjèjì kò ṣeé wẹ̀ mọ́?

Àwọn tó fẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní títì máa ń sọ pé nígbà tí àwọn baba ńlá Parsi sá kúrò ní Iran tí wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Sanjan ní Gujarat, wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ọba ibẹ̀, Jadi Rana, pé àwọn kò ní fa ẹnikẹ́ni wọ ẹ̀sìn àwọn. Ewì tó sọ ìtàn ìgúnlẹ̀ yẹn ni Qissa-i Sanjan, èyí tí àlùfáà Bahman Kaikobad kọ ní nǹkan bí 1600. Ohun márùn-ún ni ọba béèrè nínú rẹ̀: kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀sìn wọn, kí wọ́n máa sọ èdè ilẹ̀ náà, kí àwọn obìnrin wọn máa wọ aṣọ ibẹ̀, kí wọ́n kó ohun ìjà sílẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣe ìgbéyàwó nírọ̀lẹ́. Ẹ̀jẹ́ tí wọ́n ń wí kò sí níbẹ̀. Ẹnìkan lè ní ewì tí wọ́n kọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kò ṣeé gbára lé. Òótọ́ ni, àmọ́ kò sí àkọsílẹ̀ ìrìn àjò yẹn mìíràn tó ṣáájú rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìtàn ẹnu nìkan ni ẹ̀jẹ́ náà. Ohun tó tún fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere ni àwọn lẹ́tà tí àwọn Parsi àti àwọn àlùfáà Iran kọ síra wọn láàárín 1478 sí 1773. Àwọn Parsi béèrè bóyá ẹrú inú ilé tó gba ẹ̀sìn náà gbọ́ lè wọlé. Èsì tó ti Iran wá ni pé ó lè wọlé.

Ìgbà wo wá ni kọ́kọ́rọ́ dé? Ní 1903, wọ́n wọ ẹ̀wù funfun fún Suzanne Brière, ọmọ Faransé tó fẹ́ Ratanji Dadabhoy Tata, wọ́n sì fi ọ̀já irun àgùntàn onífọ́nrán 72 dì í lámùrè, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ Parsi tó bá ń wọ ẹ̀sìn. Ìyẹn ló dá awuyewuye sílẹ̀: ṣé ó lè wọ ilé iná, ṣé ó sì lẹ́tọ̀ọ́ nínú ohun tí wọ́n fi owó àwùjọ kọ́? Àwọn Parsi Bombay ti lówó nígbà náà, dúkìá àjùmọ̀ní wọn sì pọ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn tálákà ìlú yóò wá gba ẹ̀sìn nítorí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́, adájọ́ Davar àti Beaman sì dá a ní 1908. Wọ́n gbà pé ẹ̀sìn Zarathustra fàyè gba àjèjì tó bá yí padà. Síbẹ̀, wọ́n ní Parsi jẹ́ orúkọ ìran: àwọn tó ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ti Páṣíà dé, àwọn ará Iran tó jẹ́ ọmọ ẹ̀sìn náà tó wá sí Íńdíà, àti ọmọ tí ọkùnrin Parsi bí fún obìnrin àjèjì, tí wọ́n sì ti mú wọ ẹ̀sìn. Wọn kò fún ọmọ obìnrin Parsi tó fẹ́ àjèjì láyè kankan. Òfin dúkìá lèyí. Àwọn ènìyàn ló sọ ọ́ di òfin Ọlọ́run.

Àtakò kan wà tó yẹ ká fún ní ọ̀wọ̀ rẹ̀: pé ilẹ̀kùn títì yìí ló dáàbò bo ìwọ̀nba ènìyàn kékeré láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Mo gbà pé wọ́n jìyà. Ní Iran, wọ́n san jísíyà, owó-orí tí ìjọba Mùsùlùmí ń gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́sìn mìíràn, títí di 1882, lẹ́yìn tí Maneckji Limji Hataria, tó ti Íńdíà dé ibẹ̀ ní 1854, ti bẹ ìjọba títí. Àmọ́ àdúrà, ọ̀já àti iná ló gbé wọn la gbogbo ìyẹn já. Ìdájọ́ 1908 kò tíì sí nígbà náà. Láti ìgbà tí ìdájọ́ ti dé ńkọ́? Ètò ìkànìyàn Íńdíà ka Parsi 69,601 ní 2001, ó ka 57,264 ní 2011. N kò sọ pé ilẹ̀kùn títì nìkan ló fà á: ọ̀pọ̀ kì í gbéyàwó, àwọn tó gbé e kì í bímọ púpọ̀, àwọn mìíràn sì ti kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Kánádà àti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n àwùjọ tí ọmọ ń wọ́n tó báyìí ń lé ọmọ tí àwọn ọmọbìnrin tirẹ̀ bí. Ó di ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Íńdíà, ní 2017, kí àwọn alábòójútó àwùjọ Parsi ní ìlú Valsad tó gbà kí obìnrin kan tó fẹ́ àjèjì lè wá síbi ètò ìsìnkú àwọn òbí rẹ̀.

Ọmọ Suzanne Brière ni JRD Tata, tó dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó padà di Air India sílẹ̀ ní 1932. Parsi ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, nítorí baba rẹ̀. Ká ní ìyá rẹ̀ ni Parsi, tí baba rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Faransé, ìdájọ́ 1908 ì bá ti yọ ọ́ kúrò nínú orúkọ náà.