Àmì Rédíò Inú Ọjà àti Àṣírí Oníbàárà

Ẹni tó bá ra ṣòkòtò òkìríkà ní Agbowó nílùú Ìbàdàn, kó tú inú rẹ̀ síta, kó wo ibi tí wọ́n rán orúkọ aláṣọ mọ́. Lára àwọn tó ti ilẹ̀ Yúróòpù dé, a máa ń bá lébẹ́ẹ̀lì funfun kan tó nípọn ju ìyókù lọ, tí wọ́n ya àlùmọ́gàjí sí, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé kí a gé e kúrò kí a tó fọ aṣọ tàbí kí a tó wọ̀ ọ́. Gbé e sójú oòrùn: wàá rí wáyà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lọ́ síwá sẹ́yìn, àti ohun dúdú kan láàárín rẹ̀ tí kò tó hóró ìrẹsì, ìyẹn ṣíìpù. Àmì rédíò nìyẹn. Kò ní bátìrì. Ẹ̀rọ tó fẹ́ kà á ló máa ju ìgbì rédíò sí i. Agbára ìgbì yẹn ló fi ń jí, òun náà ló sì fi ń dá nọ́ńbà tirẹ̀ padà. Èyí tí wọ́n ń lò fún aṣọ ṣeé kà láti mítà mélòó kan, kódà nígbà tó bá wà nínú báàgì, láìjẹ́ pé ẹni tó gbé báàgì mọ̀.

Irú ìmọ̀ yìí ti ṣe iṣẹ́ amí rí kó tó wọ inú ọjà. Lọ́dún 1945, àwọn ọmọ ilé-ìwé Sófíẹ́ẹ̀tì gbé àmì ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n fi igi gbẹ́ fún aṣojú Amẹ́ríkà ní Mọ́sìkò, ó sì gbé e kọ́ ògiri ilé. Ẹ̀rọ tí Leon Theremin, ọmọ Rọ́ṣíà, ṣe ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ju ìgbì rédíò sí i láti ìta, á gbé ọ̀rọ̀ inú yàrá jáde fún wọn. Ọdún 1952 ni àṣírí tó tú. Ní 1948, Harry Stockman ti kọ àpilẹ̀kọ tiẹ̀ ní Amẹ́ríkà lórí bí a ṣe lè fi ìgbì tí nǹkan dá padà ránṣẹ́.

Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1960 sí 1970, àmì ti wọ ilé-ìtajà ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n sọ: wọn ò tíì sanwó ọjà yìí. Irú rẹ̀ ló ń mú kí ẹnu ọ̀nà ilé-ìtajà ńlá pariwo ní Dùgbẹ̀ tàbí Ring Road bí kaṣíà bá gbàgbé láti yọ ike ara aṣọ. Ojú á tini o, ṣùgbọ́n ike yẹn kò mọ ẹni tí a jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlà dúdú-dúdú ara páálí, tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ kà ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Ohio lóṣù Kẹfà ọdún 1974. Agolo mílíìkì tó wà ní Bódìjà àti irú rẹ̀ tó wà ní Challenge, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Ọdún 1999 ni nǹkan yí padà. Wọ́n dá Auto-ID Center sílẹ̀ ní yunifásítì MIT, èrò wọn sì ni pé kí agolo kọ̀ọ̀kan, ṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí òmíràn kò ní jẹ́ láé. Ọdún yẹn kan náà ni Katherine Albrecht dá ẹgbẹ́ CASPIAN sílẹ̀ láti gbèjà àṣírí àwọn tó ń rajà. Ní 2003, ìjà dé. Ìròyìn jáde pé ilé-iṣẹ́ aláṣọ Benetton fẹ́ fi àmì rédíò sára aṣọ Sisley. CASPIAN ní kí ẹnikẹ́ni má ra aṣọ wọn mọ́, ilé-iṣẹ́ náà sì yára sọ pé àwọn ò tíì fi sí aṣọ kankan. Ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ìtajà Tesco fi àmì sára páálí abẹ Gillette: ẹni tó bá mú un lórí pẹpẹ, kámẹ́rà á ya fọ́tò rẹ̀, á sì tún yà á níbi ìsanwó. Olè ni wọ́n ní àwọn ń ṣọ́. Gbogbo ẹni tó fẹ́ fá irùngbọ̀n ni wọ́n wá ń ya bí olè.

Ti Rheinberg ní Jámánì ló burú jù lójú tèmi. Ilé-iṣẹ́ Metro ní ilé-ìtajà àwòkọ́ṣe kan níbẹ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tó yẹ kó pa àmì ara ọjà kí oníbàárà tó jáde. FoeBuD, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà àṣírí níbẹ̀, rí i ní 2004 pé nọ́ńbà ọjà nìkan ni ẹ̀rọ náà ń pa rẹ́. Nọ́ńbà ṣíìpù fúnra rẹ̀ ṣì wà láàyè. Wọ́n tún bá ṣíìpù nínú káàdì oníbàárà, káàdì tí orúkọ ènìyàn so mọ́, láìsọ fún àwọn tó ń lò ó. Àwọn ènìyàn tú síta láti fẹ̀hónú hàn, Metro sì gba káàdì náà padà.

Ìjà wọ̀nyí so èso. Àṣẹ ìpani wà nínú ìlànà tí wọ́n ṣe fún àwọn ṣíìpù lẹ́yìn náà: bí kaṣíà bá fi ọ̀rọ̀ aṣínà ṣíìpù ránṣẹ́, ṣíìpù kú pátápátá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, Àjọ Yúróòpù dámọ̀ràn pé kí ilé-ìtajà pa àmì tó bá lè ṣàkóbá fún àṣírí níbi ìsanwó, àyàfi bí oníbàárà bá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, abala 37 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń bá ẹlòmíràn sọ. Òfin 2018 ló gbé àjọ FCCPC kalẹ̀ fún oníbàárà; ìlànà détà ti NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, tẹ̀ lé e ní 2019, kí Ààrẹ Tinubu tó fọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbò Détà lóṣù Kẹfà ọdún 2023, èyí tó gbé àjọ NDPC dìde. FCCPC kò fi ọ̀rọ̀ àṣírí ṣeré: ní oṣù Keje 2024, ó bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé ilé-iṣẹ́ Meta lórí bó ṣe ń lo détà àwọn tó wà lórí WhatsApp. Lábẹ́ òfin 2023, nọ́ńbà ìdánimọ̀ àti ibi tí ènìyàn wà jẹ́ détà rẹ̀ bí wọ́n bá lè fi dá a mọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni kókó wà. Nọ́ńbà inú ṣẹ́ẹ̀tì kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni títí di ìgbà tí a bá fi káàdì ATM sanwó, tàbí tí a bá ka nọ́ńbà fóònù wa fún kaṣíà nítorí ẹ̀dínwó. Orí káúńtà ni wọ́n ti ń so ó mọ́ wa. Bí wọ́n bá béèrè nọ́ńbà fóònù rẹ, bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Òfin fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdáhùn, ẹjọ́ ẹni tó bá kọ̀ sì ṣeé gbé lọ sọ́dọ̀ NDPC. Lébẹ́ẹ̀lì funfun inú ṣòkòtò yẹn ńkọ́? Àlùmọ́gàjí ni kó o fi gé e.