Omi Tó Ń Fà: Ìsédò Ọ̀yán àti Ewu Ilẹ̀ Yíya ní Kòsọ́fẹ́

Àṣà àwọn tó ṣáájú wa nídìí iṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ yíya ni kí wọ́n wo bí òkè ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó létí ìsédò, kí wọ́n sì fi ìyẹn nìkan díwọ̀n ewu. Lójú wọn, Kétu, Ìkòsí àti Mile 12 ní Kòsọ́fẹ́, ní Èkó, kò sí lára ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yíya, nítorí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni. N kò gbà.

Omi tó ń kún yàtọ̀ sí omi tó ń fà. Bí odò bá kún, ó ń rin bèbè gbingbin lóòótọ́, àmọ́ òun kan náà ló tún ń tì í lẹ́yìn. Bó bá wá fà lójijì, alátìlẹ́yìn ti lọ, omi tó ti mu wọnú amọ̀ kò sì tíì rọ́nà jáde. Ilẹ̀ wúwo, kò sì di ara mú mọ́. Ìgbà náà ni bèbè ń ya. Yanrìn a máa tètè sẹ́ omi rẹ̀ nù. Amọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Terzaghi, onímọ̀ ẹ̀rọ nípa ilẹ̀, ti là á sílẹ̀ tipẹ́, síbẹ̀ a ń ṣe bí ẹni pé òjò nìkan ló ń ya ilẹ̀.

Gbogbo wa là ń dárúkọ ìsédò Vajont ní Ítálì, níbi tí nǹkan bí 270 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì òkúta ti ya wọ adágún ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá 1963, tí èèyàn bí 2,000 sì kú. Ohun tí a máa ń fò ni pé ṣe ni wọ́n ń dín omi adágún náà kù lọ́wọ́, láti bíi 710 mítà sí 700 lókè òkun. Wọ́n rò pé ìyẹn ni yóò dá òkè dúró.

Ìsédò Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ṣí ní 1983, ń gba 270 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì omi. Kòńgẹ́ lásán ni bí iye náà ṣe bá ti Vajont mu. Òkè etí adágún rẹ̀ kò ga, òkúta ibẹ̀ le, n kò rò pé ó yẹ ká pẹ́ níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ odò Ògùn, tí omi Ọ̀yán ń ṣàn wọ̀ kó tó dé Kòsọ́fẹ́, lọ̀rọ̀ wà. Ní oṣù Kẹwàá 2010 tí omi gba Ajégúnlẹ̀ àti Kétu, ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ìsédò ni gbogbo ènìyàn ń bi ara wọn. Bí wọ́n ṣe yára tì í ńkọ́?

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀sà Èkó máa dá omi odò náà dúró, kó má tètè fà ní Àgbòyí ní Kòsọ́fẹ́. Ìyẹn lè dín ewu náà kù. Àmọ́ àwọn tó ń wa yanrìn ń gbẹ́ ẹsẹ̀ bèbè kan náà. Nítorí náà mo ní kí Àjọ Odò Ògùn òun Ọ̀ṣun, tó ń ṣàkóso ìsédò náà, máa kéde wákàtí tí wọn yóò fi tilẹ̀kùn bí wọ́n ṣe ń kéde ṣíṣí, kí àwòrán ewu ilẹ̀ yíya Ọ̀yán sì bẹ̀rẹ̀ láti Àgbòyí, kì í ṣe láti ìsédò.