Kòsọ́kọ́: Ọba Tí Èkó Lé, Tí Ẹ̀pẹ́ Gbà
Ìjà oyè ló ṣílẹ̀kùn Èkó fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ògiri ti lanu tipẹ́ kí aláǹgbá tó dé. Ní nǹkan bí ọdún 1821, Èṣìnlókùn gba oyè mọ́ Ọba Adélé, ọmọ bàbá rẹ̀, lọ́wọ́, Adélé sì kó lọ sí Àgbádárìgì. Láti ìgbà náà, ọba Èkó tí kò ní ọmọ ọba kan tó ń ṣọ́ ìtẹ́ rẹ̀ láti ìlú mìíràn kò wọ́pọ̀ mọ́. Nínú gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ Kòsọ́kọ́, ọmọ Èṣìnlókùn, ló wọ̀ mí lára jù.

Obìnrin ló dá ìjà rẹ̀ sílẹ̀. Ó fẹ́ obìnrin tí Ẹlẹ́tù Odìbò ti ń fẹ́ sọ́nà, bẹ́ẹ̀ Ẹlẹ́tù Odìbò ni ọ̀rọ̀ fífi ọba jẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Ìdẹ̀wù Òjúlàrí, ọmọ bàbá Kòsọ́kọ́, kú, wọ́n fo Kòsọ́kọ́, wọ́n pe Adélé padà. Adélé kú ní 1837, wọ́n tún fò ó, Olúwọlé ọmọ Adélé ló jẹ. Ẹlẹ́tù Odìbò wá fẹ̀sùn àjẹ́ kan Ọ̀pọ̀ Olú, arábìnrin Kòsọ́kọ́. Àwọn babaláwo ní kò mọwọ́mẹsẹ̀, síbẹ̀ Olúwọlé lé e nílùú. Ibẹ̀ ni sùúrù Kòsọ́kọ́ tán. Ó gbógun dìde, ogun náà kò gbè é, ó sá dé Ajùdá.

Ní 1841, àrá sán láàfin, iná ràn mọ́ ẹ̀tù ìbọn, ó pa Olúwọlé. Akíntóyè, àbúrò bàbá Kòsọ́kọ́, jọba, ó sì ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun máa bọ̀ wálé. Ẹlẹ́tù Odìbò kìlọ̀ títí, ọba kò gbọ́. Wọ́n fi Kòsọ́kọ́ jẹ Ọlọ́jà Ẹrẹ́kọ̀. Ní oṣù Keje 1845, Ogun Olómiró bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Kòsọ́kọ́ fi dó ti ààfin. Wọ́n ki Ẹlẹ́tù Odìbò bọ inú àgbá, wọ́n dáná sun ún, wọ́n jù ú sí ọ̀sà. Akíntóyè gba ojú omi sá lọ, Kòsọ́kọ́ sì jọba. Ìtàn ní Ọ̀ṣọ́dì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́, ká a mọ́ Agbóyì, ó sì jẹ́ kó kọjá. Ọ̀ṣọ́dì padà délé wí pé oògùn ni Akíntóyè fi mú òun.

Akíntóyè gba Abẹ́òkúta dé Àgbádárìgì, ibẹ̀ ló ti bá àwọn míṣọ́nnárì àti Beecroft, kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, pàdé. Ó ṣèlérí láti fòpin sí òwò ẹrú, òwò tí kò dáwọ́ dúró nígbà tó wà lórí oyè. Lójú tèmi, ìlérí yẹn ló fi yá àgbá ìbọn. Ní ìparí oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì rọ̀jò ọta lé Èkó lórí. Ogun Àgídìngbì nìyẹn. Àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ pa díẹ̀ nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó fi ìlú sílẹ̀, Akíntóyè sì padà sórí oyè.

Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, fún Kòsọ́kọ́ láyè ní Ẹ̀pẹ́, létí ọ̀sà. Òun nìkan kọ́ ló dé: ìjòyè, jagunjagun, àlùfáà Mùsùlùmí, ìyàwó àti ọmọ ló bá a lọ, wọ́n sì tẹ àdúgbò tiwọn dó. Ó fi Pálímà àti Lẹ́kìí ṣe èbúté, àwọn oníṣòwò òyìnbó ń wá ra epo pupa níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1853, ó kó ọkọ̀ ogun wá sí Èkó, àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e padà. Akíntóyè kú lóṣù tó tẹ̀ lé e, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ jọba. Síbẹ̀, apá wọn kò ká Kòsọ́kọ́. Ní 28 oṣù Kẹsàn-án 1854, kọ́ńsù Campbell bá a ṣàdéhùn: kó gbàgbé oyè Èkó àti òwò ẹrú, kí Pálímà àti Lẹ́kìí jẹ́ tirẹ̀, kí wọ́n sì máa san ẹgbàá owó ẹyọ lọ́nà 2,000, tàbí 1,000 dọ́là, fún un lọ́dọọdún.

Àgbá tí Akíntóyè yá, ọmọ rẹ̀ ló san gbèsè rẹ̀. Ní 6 oṣù Kẹjọ 1861, Dòsùnmú fọwọ́ síwèé tó gbé Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ní 1862, Kòsọ́kọ́ padà wálé pẹ̀lú oyè Ọlọ́jà Ẹrẹ́kọ̀ àti £400 lọ́dún, títí tó fi kú ní 1872. Ọ̀ṣọ́dì Tápà àti àwọn tó bá a bọ̀ tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó ní Èkó. Àwọn tí kò padà ṣì wà ní Ẹ̀pẹ́, Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń pè wọ́n, lọ́tọ̀ sí Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Ọdọọdún, lẹ́yìn Iléyá, ni wọ́n ń ṣọdún Káyọ̀káyọ̀ láti fi rántí ìgbà tí Kòsọ́kọ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀.