Ìwọ̀fà Àná, Ọmọ Ọ̀dọ̀ Òní

Láyé àtijọ́, bí gbèsè bá wọ bàbá lọ́rùn, ó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe fún olówó ni èlé. Ojú owó kò dín ní kọ́bọ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, ṣàlàyé pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló bi ọmọ náà léèrè?

Ìkà ni ará òde òní ń pe àṣà yẹn. Àwọn tí a kò tí ì bí náà yóò ka ìtàn òní: Nàìjíríà ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2003, síbẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá ń fọ abọ́ nílé onílé, owó iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mú un wá. Ìwọ̀fà ń padà sílé lọ́jọ́ tí wọ́n bá san gbèsè. Ọmọ ọ̀dọ̀ yìí kò ní gbèsè tí ẹnikẹ́ni lè bá a san.